Willy Stöwer: Ọmọ Ọ̀gá Ọkọ̀ Tó Fi Búrọ́ọ̀ṣì Rin Òkun

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rí àwòrán kan rí, yálà nínú ìwé, lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí lórí fóònù, tí a kò sì mọ ẹni tó yà á. Ọkọ̀ ojú omi gbàgàdà kan ló wà nínú rẹ̀. Iwájú ọkọ̀ náà ti wọ inú omi, èéfín ṣì ń jáde lórí ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn kún inú ọkọ̀ kéékèèké níwájú, wọ́n ń wo ilé ńlá orí omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Titanic ni ọkọ̀ náà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi hàn wá bí Titanic ṣe rì, àwòrán yìí wà lára èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹni tó yà á kò sí níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ni Willy Stöwer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Kò kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan, síbẹ̀ ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di ayàwòrán tí ọba ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́ràn, ó sì pẹ́ láyé tó láti fojú ara rẹ̀ rí i tí ọba àti ọkọ̀ tó ń yà pa rẹ́ pọ̀.

Ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí. A yàn án nítorí pé ohun méjì tó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú wà nínú rẹ̀. Èkíní, ṣé ẹni tí kò gba ìwé-ẹ̀rí nínú iṣẹ́ kan lè di àgbà nínú rẹ̀? Èkejì, kí ló ń gbẹ̀yìn ẹni tó fi ẹ̀bùn rẹ̀ sin alágbára?

Ìbí rẹ̀ ní Wolgast

Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1864 ni wọ́n bí Willy Stöwer ní ìlú Wolgast, ní agbègbè Pomerania. Ìlú kékeré ni Wolgast, etí odò Peene ló wà, ní ibi tí odò náà kù díẹ̀ kó wọ Òkun Baltic. Erékùṣù Usedom ló dojú kọ ọ́ ní òdìkejì omi. Ìlú yìí kò ṣàì mọ ayàwòrán tẹ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Philipp Otto Runge ní ọdún 1777, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí orúkọ wọn tóbi jù ní Jámánì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ Runge ni ọmọ yìí ti rí ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbòkun, ọ̀rọ̀ ìgbì àti ọ̀rọ̀ ìjì kì í ṣe ìtàn àlọ́ nínú ilé wọn. Iṣẹ́ tó ń gbọ́ bùkátà wọn ni.

Ó yẹ ká rántí bí ilẹ̀ náà ṣe rí nígbà náà. Jámánì kò tíì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Abẹ́ ìjọba Prussia ni Wolgast wà, Prussia sì lágbára gan-an lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n aláìní ni lójú omi. Ní oṣù Kẹta ọdún 1864, nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n tó bí Stöwer, àwọn ọkọ̀ ogun Prussia pàdé ti Denmark nítòsí erékùṣù Rügen, tí kò jìnnà sí Wolgast. Àwọn ará Prussia ló padà sẹ́yìn, torí ọkọ̀ Denmark pọ̀ ju tiwọn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Stöwer nígbà tí wọ́n kéde ilẹ̀-ọba Jámánì tuntun ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1871. Nígbà tí yóò fi pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ọkọ̀ ogun Jámánì ti di ìkejì ní gbogbo ayé, ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló tóbi jù ú lọ. Ìdàgbàsókè yìí àti ìgbésí-ayé rẹ̀ jọ rìn ni. Kò sí bí a ṣe lè sọ ọ̀kan ká má kan èkejì.

Láti ìdí irin dé ìdí àwòrán

Kì í ṣe ayàwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe. Iṣẹ́ irin ni wọ́n fi í kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ tó lè bọ́ ọkùnrin nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń yọ jáde káàkiri Jámánì. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí ìdí yíya àwòrán ètò ní àwọn ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ onígi àti ìgbòkun ń fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ onírin tí ń fi èéfín rìn. Kí wọ́n tó gé irin kan ṣoṣo, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti ya gbogbo ara ọkọ̀ náà sórí ìwé: ìdí rẹ̀, ìhà rẹ̀, ibi tí bọ́ílà máa wà, ibi tí ọ̀pá èéfín máa gbà jáde, iye ìdè irin tí yóò so pátákó irin kan mọ́ èkejì. Bí ẹni tó ń yà á bá fi ìlà kan sí ibi tí kò yẹ, owó ńlá ló máa ṣòfò, ẹ̀mí sì lè bá a lọ.

Ibi tí Stöwer ti kàwé nìyí. Àwọn ayàwòrán tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Berlin tàbí Düsseldorf ń kọ́ bí a ṣe ń ya ara ènìyàn, bí a ṣe ń ya òkè àti igi, bí a ṣe ń da àwọ̀ pọ̀. Stöwer ń kọ́ bí ọkọ̀ ṣe rí nínú. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ kì í kàn léfòó bí ewé, pé ó ní ìwúwo, pé apá kan rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ omi tí ojú kì í rí, pé nígbà tí ìgbì bá gbé iwájú rẹ̀ sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á rì wọlé. Ẹni tó bá ti wo àwòrán rẹ̀ dáadáa á ṣàkíyèsí èyí. Ọkọ̀ tó yà máa ń jókòó sínú omi ni, kì í jókòó lórí rẹ̀.

Àwòrán aláwọ̀ ló fi ń dá ara rẹ̀ lára yá lẹ́yìn iṣẹ́. Ojú ló fi kọ́ ọ, ọwọ́ ló sì fi tún un ṣe títí ó fi mọ́ ọn. Yorùbá sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà tó gbà wọ ọjà tirẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà, ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù kan dé ibẹ̀ tí àwọn tó gba títì kò ní lórí.

Ìgbéyàwó tó ṣí ilẹ̀kùn

Ní ọdún 1892, ó fẹ́ Henriette Dettmann, ọmọ ilé olówó. A máa ń sọ ìtàn àwọn tó kọ́ ara wọn níṣẹ́ bí ẹni pé ìforítì nìkan ló gbé wọn dókè. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń ya àwòrán ètò láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní ọ̀sán tí yóò fi wo ìmọ́lẹ̀ lórí òkun. Owó tó ti ọ̀dọ̀ ìdílé ìyàwó wá ló jẹ́ kí Stöwer lè fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, kó sì fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ fún ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Bí kò bá sí obìnrin náà, ó ṣeé ṣe kó parí ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán ètò tó mọṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ kò jáde kúrò ní ọgbà ìkànkọ̀. Ó yẹ kí a dárúkọ rẹ̀, torí pé orúkọ ọkọ nìkan ló wà ní igun àwòrán.

Berlin ni Stöwer fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ ni àwọn ilé ìtẹ̀wé wà, ibẹ̀ ni ààfin wà, ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń ṣòwò àwòrán wà. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ní ọdún 1896, ìwé kan jáde tí Georg Wislicenus kọ lórí agbára Jámánì lójú òkun láyé àtijọ́ àti lóde òní, Stöwer ló ya àwòrán inú rẹ̀. Ìwé yẹn fi hàn pé ayàwòrán kan ti dé tó lè ya ọkọ̀ àtijọ́ àti ọkọ̀ tuntun, tí ògbólógbòó awakọ̀ kò sì ní rí ibi tí yóò ti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ayàwòrán àti ilé ìtẹ̀wé

Ó yẹ ká mọ ohun tí ìwé ìròyìn alárànbarà jẹ́ nígbà náà. Kò sí rédíò, kò sí tẹlifíṣọ̀n. Fọ́tò ti wà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ìgbà náà wúwo, kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ mú ohun tó ń sáré, ohun tó wà nínú òkùnkùn tàbí ohun tó wà láàrin ìjì. Nítorí náà, bí ọkọ̀ méjì bá kọlu ara wọn láàrin òkun, ayàwòrán ló máa sọ ọ́ di ohun tí ojú ń rí. Yóò ka ìròyìn tó ti ẹnu àwọn tó yè bọ́ wá, yóò wo àwòrán ètò ọkọ̀ náà, yóò sì jókòó sídìí iṣẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n máa ń fún un.

Die Gartenlaube, ìwé ìròyìn ìdílé tí Ernst Keil dá sílẹ̀ ní Leipzig ní ọdún 1853, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń gbé iṣẹ́ Stöwer jáde. Nínú yàrá ìgbàlejò ni wọ́n ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, bàbá á kà á, ìyá á kà á, ọmọ á wo àwòrán. Báyìí ni àwọn ará Jámánì tó ń gbé ní àárín gbùngbùn ilẹ̀, tí wọn kò rí òkun rí láyé wọn, ṣe mọ bí ọkọ̀ ogun ṣe rí nínú ìjì. Yàtọ̀ sí ìwé ìròyìn, ó ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọ̀dọ́, ó ya ti káàdì ìfìwéránṣẹ́. Ní ọdún 1905, ìwé tirẹ̀ lórí eré ìje ọkọ̀ onígbòkun ní Jámánì jáde.

Ọba tó fẹ́ràn ọkọ̀

Ní ọdún 1888 ni Wilhelm Kejì gorí ìtẹ́. Káísà ni wọ́n ń pe ọba Jámánì. Ọmọ-ọmọ Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ti rí ọkọ̀ ogun àwọn ìbátan rẹ̀ láti kékeré, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára wọn mọ́. Ó fẹ́ irú rẹ̀, ó fẹ́ kó tóbi. Ní ọdún 1898, Alfred von Tirpitz, olórí ètò ọkọ̀ ogun rẹ̀, gba òfin kan kọjá ní ilé ìgbìmọ̀ pé kí Jámánì ní ọkọ̀ ogun ńláńlá 19. Ní ọdún 1900, òfin míì sọ ọ́ di 38, ìlọ́po méjì gééré. Owó orí àwọn ará ìlú ló máa kan ọkọ̀ wọ̀nyí, nítorí náà àwọn ará ìlú gbọ́dọ̀ fẹ́ràn wọn. Ní ọdún 1898 kan náà ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọkọ̀ Ogun sílẹ̀ láti máa polongo. Kí ogun tó dé, ẹgbẹ́ náà ti lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn bí a bá ka àwọn ẹgbẹ́ tó so mọ́ ọn.

Ta ni yóò ya ohun tí wọ́n fẹ́ kí ará ìlú fẹ́ràn? Stöwer wà níbẹ̀. Káísà rí iṣẹ́ rẹ̀, ó ra nínú wọn, ó sì ń mú un dání nígbà tó bá ń rìn lójú omi. Hans Bohrdt wà níbẹ̀ náà, ayàwòrán òkun míì tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ bíi Stöwer. Carl Saltzmann náà wà níbẹ̀, ẹni tó ti kọ́ Káísà fúnra rẹ̀ ní àwòrán yíyà. Ọba yìí máa ń ya àwòrán ọkọ̀ nígbà tó bá ráyè. Ó mọ ohun tó fẹ́: kí gbogbo okùn wà níbi tó yẹ, kí gbogbo ìbọn pé. Irú àwòrán tí kò fi nǹkan hàn kedere, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán Faransé àti ti Berlin ń yà nígbà náà, kò bá a lára mu. Ẹni tó ti inú ọgbà ìkànkọ̀ wá ló lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọdún 1907, wọ́n fún Stöwer ní oyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì iṣẹ́ ọnà rí di ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Stöwer. Ní ọdún 1912, ó gbé ìwé ńlá kan jáde lórí Káísà àti ọkọ̀ ogun Jámánì, àwòrán tirẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ilẹ̀ Aláwọ̀dúdú. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Möwe ló gbé Gustav Nachtigal wá sí etíkun Tógò ní oṣù Keje ọdún 1884, tó fi tẹ àdéhùn tó sọ ibẹ̀ di ti Jámánì. Nígbà tí ó yá, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá kan sí Kamina, nítòsí Atakpamé, ibi tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó ń sọ èdè Yorùbá ń gbé títí dòní. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni kí Berlin lè máa bá àwọn ọkọ̀ Jámánì tó wà lójú Òkun Àtìláńtíìkì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ogun dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn Jámánì fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé má bàa rí i lò. Ọkọ̀ ẹlẹ́wà tí Stöwer ń yà fún yàrá ìgbàlejò àwọn ará Berlin, ohun tí wọ́n fi ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa.

Àwòrán Titanic

Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1912, ní aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, Titanic fi ìhà gbá òkìtì yìnyín ní àríwá Òkun Àtìláńtíìkì. Ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú òru, ó ti rì. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 2,200. Ọkọ̀ ìgbàlà 20 ló ní, àpapọ̀ ènìyàn tí wọ́n lè gbà kò ju 1,178 lọ. Nǹkan bí 1,500 ènìyàn ló kú. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò bí ó ṣe ń rì. Òkùnkùn ni, kò sí òṣùpá, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré ń wá ẹ̀mí ni.

Gbogbo ayé fẹ́ rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi hàn wọ́n. Die Gartenlaube yíjú sí Stöwer. Àwòrán tó ṣe fún wọn ní ọdún 1912 ni a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó yè bọ́ gúnlẹ̀ sí New York ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin nínú ọkọ̀ Carpathia tó kó wọn, ìròyìn wọn sì ń tàn káàkiri. Ohun tí ìròyìn wí ni ayàwòrán ní lọ́wọ́, pẹ̀lú ìmọ̀ ọkọ̀ tó ti kó jọ fún ọgbọ̀n ọdún.

Yorùbá ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ibi tí àwòrán náà ti yẹ̀ wà ní gbangba. Ọ̀pá èéfín mẹ́rin ni Titanic ní, èéfín sì ń tú jáde lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú àwòrán Stöwer. Ní òtítọ́, mẹ́ta nìkan ni èéfín bọ́ílà ń gbà jáde. Wọn kò so ẹ̀kẹrin mọ́ bọ́ílà kankan. Afẹ́fẹ́ ló wà fún jù lọ, ó sì tún jẹ́ kí ọkọ̀ náà dà bí alágbára lójú èrò. Ẹni tó ti ya àwòrán ètò ọkọ̀ rí ló ṣe àṣìṣe yìí! Àmọ́, ọgbà ìkànkọ̀ Belfast ló kan Titanic, kì í ṣe ọgbà tí Stöwer mọ̀. Ìmọ̀ gbogbogbòò kò lè dípò wíwo ohun náà gan-an.

Ohun kejì ni pé odindi ni ọkọ̀ náà ṣì wà nínú àwòrán. Lónìí, a mọ̀ pé ó dá sí méjì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ikọ̀ Amẹ́ríkà àti Faransé tí Robert Ballard àti Jean-Louis Michel ṣáájú rí òkú ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ òkun, iwájú rẹ̀ níbì kan, ẹ̀yìn rẹ̀ níbòmíì. Ṣùgbọ́n a kò lè fi èyí dá Stöwer lẹ́bi. Lára àwọn tó yè bọ́ gan-an, àwọn kan ní ó dá, àwọn kan ní kò dá, ìwádìí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fẹnu kò pé odindi ló rì. Ó lé ní àádọ́rin ọdún kí irin ìsàlẹ̀ òkun tó parí àríyànjiyàn náà. Ohun tí Stöwer yà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà ayé rẹ̀ gbà gbọ́.

Kí ló dé tí àwòrán yìí kò fi kú nígbà náà? Ó jọ pé nítorí ibi tí Stöwer gbé wa sí ni. Kò gbé wa sórí ọkọ̀ ńlá. Inú omi ló gbé wa sí, láàrin àwọn ọkọ̀ kéékèèké, níbi tí ènìyàn ti lè rí bí ohun náà ṣe tóbi tó àti bí ènìyàn ṣe kéré tó. Fún ọdún púpọ̀, ó ti ń ya ọkọ̀ ńlá láti fi yangàn agbára ènìyàn. Nínú èyí, ọgbọ́n kan náà ló lò, ṣùgbọ́n agbára náà ń rì lójú wa. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe láti gbé ọkọ̀ Jámánì ga, kò sí èyí tí ayé mọ̀ tó àwòrán ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣègbé.

Ogun Ńlá

Ní ọdún 1914, ogun bẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ogun ńláńlá tí wọ́n fi owó rẹpẹtẹ kàn wà ní èbúté ní ọ̀pọ̀ ìgbà, torí Káísà ń bẹ̀rù kí wọ́n má bàa rì. Ọkọ̀ abẹ́ omi ló wá gba iṣẹ́ ṣe. Stöwer náà yí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù láti ìgbà ogun dá lórí Linda Blanche, ọkọ̀ ẹrù kékeré ti Gẹ̀ẹ́sì tí ọkọ̀ abẹ́ omi U-21, èyí tí Otto Hersing jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, rì ní òkun Irish ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1915. Wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kí wọ́n tó rì í. Ogun tó ṣì ní ojú àánú díẹ̀ ni àwòrán náà fi han ará ìlú.

Kò pẹ́ tí ojú àánú náà fi bọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1915, ọkọ̀ abẹ́ omi U-20 rì Lusitania, ọkọ̀ èrò, láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí 1,200 ènìyàn ló kú, àwọn obìnrin àti ọmọdé wà nínú wọn. Ẹni tó ti ya ìbẹ̀rù àwọn èrò Titanic ní ọdún mẹ́ta ṣáájú wà ní ìhà àwọn tó fi irú ìbẹ̀rù kan náà sí ọkàn èrò mìíràn, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ fún wọn. Ẹni tó bá ń yìn ín gbọ́dọ̀ rántí èyí mọ́ ọn. Àwòrán káàdì ìfìwéránṣẹ́ ogun kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ló ń mú kí ìyá gbà kí ọmọ lọ.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1916, àwọn ọkọ̀ ńlá Jámánì àti ti Gẹ̀ẹ́sì wá pàdé nítòsí Jutland. Ó lé ní 8,500 ènìyàn tó kú láàrin ọjọ́ méjì. Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ọkọ̀ 14, Jámánì pàdánù 11, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ni òkun lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ààfin jó

Yorùbá máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Káísà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹwàá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 1918, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ogun gan-an ló kọ́kọ́ ṣọ̀tẹ̀, ní Wilhelmshaven àti Kiel, nígbà tí àwọn ọ̀gá fẹ́ kó wọn lọ jà ìjà àjàkú. Kí ọjọ́ díẹ̀ tó kọjá, Káísà ti sá lọ sí ilẹ̀ Netherlands, kò sì padà wálé mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1941. Ọkọ̀ tó fẹ́ràn jù ló lé e kúrò lórí ìtẹ́.

Wọ́n kó ọkọ̀ ogun Jámánì 74 lọ sí Scapa Flow ní àríwá Scotland, wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ ojú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1919, àwọn òṣìṣẹ́ inú wọn ṣí ihò ìsàlẹ̀ fún omi, 52 nínú wọn sì rì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àdéhùn Versailles fi ọkọ̀ ogun ńláńlá àtijọ́ mẹ́fà sílẹ̀ fún Jámánì, ó ka ọkọ̀ abẹ́ omi léèwọ̀ pátápátá, ó sì gba àwọn ọkọ̀ òwò ńlá wọn.

Ẹ fojú inú wo Stöwer ní ọjọ́ yẹn. Ẹni ọdún márùn-dín-lọ́gọ́ta ni. Ọba tó ń ra iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ọkọ̀ tó ń yà ti wà nísàlẹ̀ omi. Àwọn tó ń fi àwòrán ọkọ̀ ogun ṣe ọ̀ṣọ́ ilé kò fẹ́ rí i mọ́, ó ń rán wọn létí òkú ọmọ wọn. Nínú gbọ̀ngàn ìpàtẹ ní Berlin, àwọn ọ̀dọ́ tó ti ojú ogun dé ń ya arọ, opó àti ebi. Irú iṣẹ́ tirẹ̀, tó fi gbogbo okùn síbi tó yẹ, ti di ti ayé àná.

Kò jáwọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1929, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé tó pè ní Zur See mit Pinsel und Palette, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Lójú Òkun Pẹ̀lú Búrọ́ọ̀ṣì àti Pátákó Ọ̀dà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1931, ó kú ní Tegel ní Berlin. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ọjọ́ náà pé ọdún márùn-dín-lógún gééré tí ìjà Jutland bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó fi sílẹ̀

Nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, agbára káká ni a fi máa rí orúkọ Stöwer. Kò dá ọ̀nà tuntun sílẹ̀ nínú àwòrán yíyà. Kò ní ọmọ-ẹ̀yìn tó di olókìkí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ Jámánì kan ṣe rí nígbà tó wà lójú omi lè wo iṣẹ́ rẹ̀ kó sì rí i.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní tí a rí nínú ayé rẹ̀ ni pé kò sí iṣẹ́ tí a kọ́ tó ṣòfò. Iṣẹ́ irin àti àwòrán ètò tó dà bí ìdádúró ní ìgbà èwe rẹ̀ gan-an ló yà á sọ́tọ̀ lágbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ro pé ibi tí wọ́n gbé òun sí kì í ṣe ibi tí ọkàn òun wà, kó fara balẹ̀ kó ohun tó wà níbẹ̀ jọ ná. Ẹ̀kọ́ kejì le díẹ̀. Ọba sọ Stöwer di ńlá, ó sì yá ìran rẹ̀ lò. Ohun tí ọba fẹ́ rí ló fi ọdún púpọ̀ yà, nígbà tí ọba sì ṣubú, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà bá a ṣubú. Àwòrán kan tí ọba kò pàṣẹ rẹ̀ ló yọ nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó yà fún àwọn òǹkàwé lásán tó fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn bíi tiwọn ṣe kú lóru ọjọ́ kan lójú òkun. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ayé mú.